Ibi Tí Orúkọ Preye Ti Ń Ṣẹ́jú

Ẹkún ni Ruqoyah ń sun lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ rí Preye. Ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kan l'Ájégúnlẹ̀ ni wọ́n ti pàdé. Wẹ́bùsáìtì tó ń ṣe fún iṣẹ́ tírélà bàbá rẹ̀ ló dàrú, bọ́tìnnì ti lọ jókòó lórí àwòrán.

"Má sunkún mọ́ jàre," Preye, tí wọ́n jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, wí. Ó ṣí irinṣẹ́ kan nínú bùráúsà tí wọ́n fi ń wo wẹ́bùsáìtì náà, gbogbo inú ojú ewé náà sì hàn síta. "Yí i bó ṣe wù ẹ́ níbí. Tí kò bá dáa, o kàn tún un ṣí ni, á padà sí bó ṣe wà."

Ruqoyah rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ náà lọkàn rẹ̀ ti fà sí i.

Àmọ́ ará Bayelsa ni Preye, ṣọ́ọ̀ṣì ló sì ń lọ. Nígbà tí Alhaji Ìyàndá, bàbá Ruqoyah, gbọ́ pé àwọn méjèèjì ń fẹ́ra, ó fárígá.

"Ìsẹ́yìn la ti wá, mùsùlùmí sì ni wá. Mi ò fẹ́ rí ọmọkùnrin yẹn."

Kò pẹ́ tí Preye fi ríṣẹ́ sí Port Harcourt. Ibì kan ṣoṣo ló kù tí wọ́n ti ń pàdé: irinṣẹ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ kí èèyàn méjì jọ máa kọ kóòdù wẹ́bùsáìtì sójú ewé kan náà. Bí Preye bá wọlé, ìlà kékeré kan á máa ṣẹ́jú, orúkọ rẹ̀ á sì wà lórí rẹ̀. Ruqoyah á fìka kàn án, bí ẹni pé ọwọ́ Preye ló kàn. Iṣẹ́ á ti tán, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó fẹ́ jáde.

"Olólùfẹ́ mi, àárò rẹ ń sọ mí," Preye kọ ọ́ sáàárín kóòdù lọ́jọ́ kan. "Wá bá mi níbí, ká ṣègbéyàwó."

Omi bọ́ lójú Ruqoyah bó ṣe ń kọ èsì. "Ayọ̀ mi, mo fẹ́ ẹ ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Àmọ́ mi ò lè sá fún bàbá tó bí mi. Wá bá wọn sọ̀rọ̀."

Preye jáde. Ìlà náà pòórá.

Ọ̀sẹ̀ kan lọ, òmíràn tẹ̀ lé e. Láràárọ̀ ni Ruqoyah ń ṣí ojú ewé náà, orúkọ tiẹ̀ nìkan ló ń rí. Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ó wà ní gáréèjì bàbá rẹ̀ ládùúgbò Coconut nígbà tó rí Preye àti Benson, ẹ̀gbọ́n ìyá Preye, tí wọ́n ń bọ̀ láàárín àwọn tírélà. Preye dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú Alhaji nínú eruku àti epo.

"Ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Nítorí ọmọ yín ni mo ṣe wá."

Alhaji wò ó, ó wo Benson, ó wá wo ojú ọmọ rẹ̀ tó ti rù.

"Mi ò tíì sọ pé mo gbà o," bàbá wí níkẹyìn. Ó fa bẹ́ǹṣì kan jáde. "Ruqoyah, lọ bu omi wá fún àwọn àlejò."