Ọwọ́ Inú Amọ̀

Amọ̀ ti ní àmì ọwọ́ lára kí ọmọ kankan tó fọwọ́ kàn án. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló pò ó láàárọ̀, òun ló tẹ́ ẹ sínú páànù tàwọn ọmọ àti tirẹ̀, tó sì yí ìgò lójú rẹ̀ títí ó fi jọ̀lọ̀. Ó kàn lọ bu omi ni, kó tó dé, àmì ọwọ́ ọmọdé ti wà nínú páànù tirẹ̀. Ó ní àwọn ọmọ aláìgbọràn yìí náà ni. Ó pa á rẹ́, ó ń kùn.

Bí eegun dínósọ̀, ẹranko ńlá ayé àtijọ́, ṣe ń di òkúta ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ ti mú ìkarahun ìgbín, ewé àti dínósọ̀ oníke wá láti ilé, kálukú ń tẹ tirẹ̀ mọ́ amọ̀. Tíṣà ń ṣàlàyé pé ẹranko ńlá lè kú, kó jẹrà tán, kí àmì ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ibi tó ti ń sọ ọ́ ló ti rí i pé ọwọ́ náà ti padà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wò ó dáadáa. Ọmọńdinrín rẹ̀ wọ́, bí ìka tí ilẹ̀kùn há rí. Ta ni ò ní mọ ọwọ́ ọmọ tó bí?

Ọdún kan rèé tí ọmọ náà kú. Ibà ló ń ṣe é láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì di aṣọ ìyá rẹ̀ mú pé kó má lọ. Àmọ́ àwọn alábẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ ìjọba ń bọ̀ wá sílé-ìwé lọ́jọ́ náà, ni Tíṣà bá ja aṣọ rẹ̀ gbà. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹ̀mí ti bọ́. Wọ́n ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ti Tíṣà ò mọ ẹ̀yìn, ojoojúmọ́ ló ń bá a jí.

Kò pa ọwọ́ inú amọ̀ náà rẹ́ mọ́. Ó fi òróró ra á, ó po simẹ́ǹtì funfun, ó dà á lé e lórí, ó sì da ti àwọn ọmọ náà. Ó ti sọ fáwọn ọmọ pé bó bá ń dì, á gbóná díẹ̀, lẹ́yìn náà á tutù. Tiwọn tutù. Tirẹ̀ ń gbóná sí i ni, irú ooru tí iwájú orí ọmọ máa ń ní bí ibà bá mú un. Ó gbé ọwọ́ lé e.

"Mo wà níbí," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Mi ò ní lọ síbì kankan."

Ìgbà yẹn ni ọ̀gá ilé-ìwé yọjú pé àwọn alábẹ̀wò ti dé, kó wá kí wọn, kò ní pẹ́ rárá. Tíṣà dìde. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Ẹni tó ń gbowó oṣù ló mọ bí ọ̀gá ṣe ń woni.

Nígbà tó padà, páànù ti tutù rinrin. Ó bó amọ̀ kúrò lára simẹ́ǹtì náà. Ọwọ́ tó là gbagada tẹ́lẹ̀ ti di ẹ̀ṣẹ́, gbogbo ìka ti ká wọnú. Tíṣà fẹ́ fi agbára ṣí i, kò ṣí. Omi dà lójú rẹ̀ níwájú àwọn ọmọ.

Ọmọbìnrin tó máa ń jókòó níwájú ń wò ó. Ó rọra sọ pé:

"Ọwọ́ yẹn yọ jáde látinú páànù, Tíṣà. Ó ń nà sí yín nígbà tẹ́ ẹ ń lọ. Ẹ ò bojú wẹ̀yìn."