Aṣọ Garrity Tí Mo Dáná Sun

"Ó ti buwọ́ lùwé! Garrity ti lọ bá Tarrant!"

Corey ló kígbe bẹ́ẹ̀ nínú yàrá ìjẹun ilé ẹ̀kọ́ wa, ó na fóònù rẹ̀ sókè kí gbogbo wa lè rí i. Mo gbé búrẹ́dì ọwọ́ mi sílẹ̀. Fún ọdún mẹ́rìndínlógún, Wendell Garrity ló ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ béésíbọ́ọ̀lù Kelso, ìlú wa. Wọn ò tíì bí mi nígbà tó dé. Ó ti pé ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì báyìí, apá rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára mọ́, àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ wa sì ní kó máa lọ. Ṣùgbọ́n Tarrant, ẹgbẹ́ ìlú tó múlé gbè wá! Àwọn tó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́dọọdún!

"Arúgbó ọ̀dàlẹ̀," Corey wí. "Tá a bá jáde, a máa dáná sun àwọn aṣọ eré tó ní orúkọ rẹ̀ létí adágún. Màá ká a sí fídíò. Dana, tìẹ ńkọ́?"

"Mi ò ní aṣọ rẹ̀."

"Bàbá àgbà rẹ ní. Àbí ẹ ti di ará Tarrant nílé yín?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí.

Nígbà tí mo délé, Bàbá àgbà ń sùn lórí àga, ẹ̀rọ tó fi ń mí ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwa méjì péré la jọ ń gbé látìgbà tí màmá mi ti kú. Aṣọ náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Garrity fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sí i lẹ́yìn pé: "Fún Stanley, ọ̀rẹ́ mi." Stanley ni orúkọ Bàbá àgbà. Ọkàn mi ní kí n má mú un. Mo mú un.

Létí adágún, ó jó kíákíá. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ní ọ̀sán Sátidé, Tarrant wá bá wa gbá, Garrity sì ni yóò ju bọ́ọ̀lù fún wọn.

"Dana, bá mi mú aṣọ Garrity wá," Bàbá àgbà wí. "Òun ni mo fẹ́ wọ̀ wo eré yìí."

"Bàbá, ó ti lọ bá Tarrant."

"Mo gbọ́. Mú un wá, ọmọ mi."

Mo jẹ́wọ́ fún un. Mo rò pé yóò jágbe mọ́ mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò.

"Nígbà tí wọ́n ti iléeṣẹ́ irin pa," ó wí níkẹyìn, "ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mí. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbà mí síṣẹ́ ní Kelso. Tarrant ni mo ti lọ ń po ọ̀dà fún ọdún mẹ́sàn-án. Àwọn ará àdúgbò yìí kọ 'ọ̀dàlẹ̀' sára ilẹ̀kùn wa. Màmá rẹ ló fọ̀ ọ́ kúrò, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà yẹn."

"Ẹ ò sọ fún mi rí."

"Ọkùnrin yẹn ṣì fẹ́ ṣiṣẹ́ ni, Dana. Ẹ lé e, ẹ tún ń bínú pé ó lọ."

Lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n kọ́kọ́ ṣàfihàn fídíò Corey tó ti tàn káàkiri. A rí orúkọ Bàbá àgbà bí iná ṣe ń jẹ ẹ́. Ó gbójú sápá kan.

Bí Garrity ṣe jáde, gbogbo pápá hó lé e lórí. Ẹni àkọ́kọ́ tiwa fi igi gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ fò kọjá ògiri, a sì gba àmì ayò. Ẹnì kejì náà ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ju bọ́ọ̀lù sí ẹnì kẹta, ó di ìgúnpá mú, ó sì kúnlẹ̀. Inú àwọn èèyàn wa dùn, wọ́n ń fò sókè.

"Pa tẹlifíṣọ̀n yẹn," Bàbá àgbà wí.

Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n kéde pé iṣan apá Garrity ti já, kò ní gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Mo kọ lẹ́tà sí i. Kò fèsì. Bàbá àgbà ní òun ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n kò tún pè mí wá wo bọ́ọ̀lù mọ́ títí tó fi kú nínú oṣù kẹwàá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó bá àwọn ọ̀rẹ́ yín bú ẹnikẹ́ni pé ó kọ̀yìn sí yín, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó tì í jáde. Èmi ò béèrè. Nígbà tí mo wá mọ̀ pé ó yẹ kí n béèrè, aṣọ náà ti jóná, mi ò sì lè dá a padà fún Bàbá àgbà mọ́.