Ìlà Méjìlá Tí Ramlat So Pọ̀

Ẹ̀rín ọkùnrin náà ni Ramlat kọ́kọ́ gbọ́, kó tó rí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó hunjọ bí ìfun ewúrẹ́. Nínú ọ́fíìsì kan ní Uptown, lókè òkun, ni. Basit, òṣìṣẹ́ tuntun, ti tẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà Ramlat, ó ń ka kóòdù rẹ̀, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé.

"Àǹtí, ìlà méjìlá, èémí kan ṣoṣo! Ibo lèèyàn ti ń mí?"

"Kóòdù mi kì í mí, sísá ló ń sá. Ta sì ni Àǹtí rẹ?"

Bí Ramlat ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn: iṣẹ́ kan á ṣe tirẹ̀ tán, á na ẹrù sí èkejì, bí àwọn lébírà ṣe ń na búlọ́ọ̀kù síra wọn. Bó bá yé arúgbó tó ń fi ìka kan tẹ fóònù, yóò yé yín. Basit fẹ́ kí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró, kó lórúkọ. Níbi àríyànjiyàn ni wọ́n ti dé orí "olólùfẹ́ mi", títí Basit fi dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún bàbá Ramlat ní Mission Bend, tí ikùn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ kápẹ́ẹ̀tì. Wọ́n dá ọjọ́ yìgì.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, iṣẹ́ kan nínú ìlà Ramlat kò na nǹkan kan síwájú. Lébírà gbé búlọ́ọ̀kù lọ sílé! Oògùn tí kóòdù náà ń fi ránṣẹ́ sáwọn aláìsàn há sójú kan fún wákàtí mẹ́fà.

"Àṣìṣe ta ni?" ni ọ̀gá bi wọ́n.

Ahọ́n Ramlat lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu bí ẹ̀bà àná. Basit, tó ti bá a yẹ kóòdù náà wò tẹ́lẹ̀, wo Ramlat títí, kó tó dáhùn.

"Èmi ni."

Wọ́n lé Basit lẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ yẹn ni físà rẹ̀ so mọ́; ọgọ́ta ọjọ́ péré ló kù fún un láti kúrò nílùú.

"Mi ò fọmọ fún abaṣẹ́jẹ́," ni Bàbá wí. Ramlat tún dákẹ́.

Ọjọ́ méjì péré ló kù nínú ọgọ́ta náà kí Ramlat tó jẹ́wọ́ fún ọ̀gá àti Bàbá. Ọ̀gá ní ó ti pẹ́. Bàbá gbé ife tíì kalẹ̀.

"O wá jẹ́ kí n bú ọmọ ọlọ́mọ?" Ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. "Dìde."

Àpótí ló kún yàrá Basit ní League City.

"Dárí jì mí, Basit. Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ẹ̀rù ba èmi náà. Mo sì sọ̀rọ̀." Ó gbójú sókè. "Mi ò tíì dárí jì ẹ́, ṣùgbọ́n mo ṣì fẹ́ ẹ. Bàbá, ẹ pe Alfa."

Láàárín àpótí ni wọ́n ti so yìgì. Lọ́jọ́ kejì, ní pápákọ̀ òfuurufú, ọkọ ìyàwó kò dì mọ́ ìyàwó. Ó fi ìka kan iwájú orí Ramlat.

"Àǹtí, máa mí o."

Ó wọlé, kò bojú wẹ̀yìn.