Ọwọ́ Tútù Lẹ́yìn Fóònù

"Mọ́mì, ta ló máa ń fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn fóònù nígbà tí mo bá ń wò ó?"

Abéèrè ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni, bàbá rẹ̀ ló sì fi orúkọ yẹn dá a lápàárá, torí kò sí ohun tí kì í béèrè lábẹ́ òrùn. Bàbá náà, tó ń kun ilé fún àwọn èèyàn, ń fi kẹrosíìnì nu ọ̀dà kúrò ní èékánná. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyá ẹ ni kí o bi. Ti àná gan-an, mi ò tíì rí i dáhùn."

Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì ìránṣọ, òwú já. Ó wo ọmọ náà, ó wo fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Fóònù àtijọ́ tirẹ̀ ni. Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ ló gbé e fún ọmọ náà, pé kó fi dákẹ́ díẹ̀. Ọmọ náà sì dákẹ́ lóòótọ́. Ẹni tí kì í jẹ́ kí ilé sinmi wá di ẹni tó ń jókòó sí kọ̀rọ̀, tí ìmọ́lẹ̀ ń tàn sí lójú, tí kì í rẹ́rìn-ín mọ́. Olùkọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ pé ó ń sùn ní kíláàsì. Ni ìyá rẹ̀ bá ṣòfin: bí iná òpópónà bá ti tàn, fóònù di inú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì. Ṣùgbọ́n ṣíṣe òfin ò le, dídúró tì í ni iṣẹ́. Bí oníbàárà bá ń pariwo pé òun ń retí aṣọ, òun náà a máa ṣe bí ẹni tí kò rí iná kankan.

Kó tó lọ sùn, ìyá Abéèrè á na ọwọ́ sínú dúrọ́ọ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ̀yìn fóònù, bóyá ó gbóná. Ọ̀dọ̀ ìyá tirẹ̀ ló ti kọ́ ọ.

Alágbàfọ̀ ni ìyá àgbà náà nígbà ayé rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù eléèédú ti jẹ orí ìka àárín rẹ̀ látìgbà ọmọge. Bó bá ń jáde láàárọ̀, á kìlọ̀ fún ìyá Abéèrè àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin pé wọn ò gbọdọ̀ tan tẹlifíṣọ̀n kí òun tó dé. Tẹlifíṣọ̀n ìgbà yẹn sanra, ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí àpótí. Bí ìyá wọn bá dé, kò ní béèrè nǹkan kan. Òórùn sítáàṣì á gba yàrá, á kọjá tààrà, á gbé ọwọ́ oníka kúkúrú yẹn lé ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Bó bá gbóná, ẹ̀yìn tiwọn náà á gbóná.

Ni àwọn ọmọ bá gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n á dúró lójú fèrèsé, òun á fi aṣọ tútù nu ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n títí á fi tutù, á sì ti aṣọ náà bọ abẹ́ tìmùtìmù àga ìyá wọn. Ìyá wọn á fọwọ́ kàn án, á wúkọ́ díẹ̀, á ní, "Ẹ kú ilé o." Títí ó fi kú, wọn ò jẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n náà ti ṣaláìsí báyìí. Kò sí alààyè mìíràn tó mọ̀ nípa aṣọ tútù yẹn. Ọkọ rẹ̀ pàápàá ò gbọ́ ọ rí.

"Ọwọ́ ta lò ń sọ?" ó béèrè jẹ́jẹ́.

"Ọwọ́ ìyá kan. Ó tutù. Ó ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀." Ọmọ náà kò gbé ojú sókè. "Á ní, 'Ó ti gbóná jù, gbé e sílẹ̀.' Tí mi ò bá gbé e sílẹ̀, kì í lọ."

"Níbo ló máa ń wà?"

Abéèrè nawọ́ sí àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Àga ìyá àgbà ni. Òun nìkan ló kù nínú ẹrù rẹ̀. Kò sí ẹnì kankan lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n tìmùtìmù tẹ̀ wọnú, bíi pé ẹnì kan jókòó.

Bàbá dẹ́kun èékánná nínù. "Ọmọ yìí ti ń wo ìwòkuwò. Gba nǹkan yẹn lọ́wọ́ rẹ̀."

Ìyá gbà á. Láti ọ̀sán ni ọmọ ti ń wò ó, ó yẹ kó gbóná. Ó tutù bí òkúta inú odò. Eruku funfun kan wà lẹ́yìn rẹ̀, bíi sítáàṣì tó gbẹ, ó sì ya àwòrán ọwọ́. Ìka àárín rẹ̀ kúrú.

"Ó ní kí n bi yín nǹkan," ọmọ náà wí.

"Kí ló ní?"

"Ó ní ṣé aṣọ tútù yẹn ṣì wà lábẹ́ tìmùtìmù?"

Orí ìyá rẹ̀ wú.

"Aṣọ wo?" ọkọ rẹ̀ béèrè.

"Ó tún ní," Abéèrè rẹ ohùn sílẹ̀, "pé bí iṣẹ́ bá pọ̀ jù lọ́wọ́ yín, kí n kúkú máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ọwọ́ òun dilẹ̀ báyìí."

Ìyá náà dìde, aṣọ oníbàárà já bọ́ sílẹ̀, kò ṣà á. Ó gbé ọmọ tó ti tóbi ju gbígbé lọ, ó fún un mọ́ra, ó kọjú sí àga òfìfo. Ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ohùn àgbà.

"Màámi, iṣẹ́ ò pọ̀ o. Ọwọ́ tèmi náà ti dilẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú un lọ. Èmi ni mo máa ń nu tẹlifíṣọ̀n yẹn."

Ìgbà tó yá, ikọ́ díẹ̀ dún láti ìhà fèrèsé, tìmùtìmù sì rọra gbéra padà. Bàbá ní aládùúgbò ló wúkọ́. Kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Wọ́n ti fóònù náà mọ́ inú àpótí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì sún mọ́ra lórí bẹ́ẹ̀dì kan. Ìyá ròyìn tẹlifíṣọ̀n tó sanra, ẹ̀gbọ́n tó ń ṣọ́ fèrèsé, àti aṣọ tútù.

"Àṣé ògbójú olè ni mo gbé níyàwó!" ni bàbá wí.

Abéèrè rẹ́rìn-ín títí ó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ni ìbéèrè bá tún ń rọ̀ bí òjò. Ṣé wọ́n nà yín? Kí lẹ̀ ń wò nínú rẹ̀? Kí ló dé tó fi sanra? Ìyá rẹ̀ dáhùn gbogbo rẹ̀, ọ̀kan kò gbọdọ̀ ṣẹ́ kù, títí oorun fi gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ. Bàbá náà ti ń hanrun.

Ọwọ́ ìyá wá ń wá fóònù tirẹ̀ tó ń lò báyìí, kó kàn wo ohun tí oníbàárà sọ, ẹ̀ẹ̀kan péré. Bó ṣe tàn án, ẹ̀yìn rẹ̀ tutù mọ́ ọn lọ́wọ́. Òórùn sítáàṣì gba yàrá.

"Mo ti gbọ́, màámi," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó pa á, ó gbé e sílẹ̀.

Ọwọ́ tútù náà kúrò lẹ́yìn fóònù, ó bà lé iwájú orí rẹ̀, níbi tó máa ń bà lé nígbà tí ibà bá ń ṣe é ní kékeré. Kò mọ̀ bóyá ó yẹ kí òun bẹ̀rù. Ó fi apá méjèèjì dì mọ́ ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ náà ò kúrò, òun náà ò tú apá, títí oorun fi kó gbogbo ilé lọ.