Ẹyẹ Apá Sikirat

Bàṣírù, ọmọ Ìgè télọ̀, sùn lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, kò jí mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Wọ́n sin ín kí oòrùn tó mú.

Kò pé oṣù méjì, àbúrò rẹ̀ Qonitah bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Omi ni ó ń mu láti àárọ̀ dalẹ́.

"Mama, water don finish."

Ìdílé mẹ́wàá ni ó ń gbé inú ọgbà wọn ní àdúgbò Asata, nílẹ̀ Ìgbò. Gbogbo ojú yí sí Sikirat, ẹ̀gbọ́n Ìgè, opó tí ó ti ìlú òyìnbó dé ní oṣù tí Bàṣírù kú. Mùjídàt ìyàwó Ìgè ti rí i níbi tí ó ti ń ṣe àlùwàlá. Nǹkan pẹlẹbẹ kan gbọ̀n rìrì lápá rẹ̀, iná tín-ín-rín sì tàn lábẹ́ awọ. Kíá ni Sikirat da ṣúgà sẹ́nu.

"Ẹyẹ rẹ̀ ni," ni Folúkẹ́ ará yàrá kejì wí. "Ó ń fún un lóńjẹ ni."

"Ẹyẹ wo ló ń jẹ ṣúgà?" ni Mùjídàt bi í.

"Ti ìlú òyìnbó ńkọ́?"

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Sikirat kan ilẹ̀kùn Mùjídàt.

"Ìyàwó, jẹ́ kí n gba ẹ̀jẹ̀ Qonitah. Ẹ̀kán kan ṣoṣo."

Mùjídàt figbe ta. Gbogbo ọgbà jáde.

"Ẹ gbà mí o! Wọ́n ti jẹ ẹ̀gbọ́n, wọ́n tún wá tọrọ ẹ̀jẹ̀ àbúrò!"

"Àtọ̀gbẹ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò," ni Sikirat wí. "Òun ló ń ṣe èmi náà. Ẹ̀rọ ni nǹkan apá mi yìí, èyí tó wà lábẹ́ awọ ń fi iná wo ṣúgà ara mi. Tó bá lọ sílẹ̀, á gbọ̀n, èmi á jí, màá lá ṣúgà."

"Àìsàn àgbà ni àtọ̀gbẹ," ni Ìgè wí.

"Ó ń ṣe ọmọdé. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọsibítù."

"Ọmọ mi ò ní bá yín jáde, Àǹtí, tí ẹyẹ yẹn bá ṣì wà lápá yín," ni Mùjídàt wí.

Sikirat wo ọmọ náà. Ó ń mí gúlegúle. Èémí rẹ̀ ń rùn bí èso tó ti rà.

"Tí mo bá yọ ọ́, mo lè sùn kí n má jí."

"Ẹ yọ ọ́," ni Mùjídàt wí.

Wọ́n gbé Qonitah wọ kẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kan ní Ogui. Nọ́ọ̀sì kọ̀. Sikirat bẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀sì ṣí nǹkan pẹlẹbẹ náà kúrò, ó la apá rẹ̀, ó fa ohun kékeré kan yọ lábẹ́ awọ, kò gùn tó oríkèé ìka kan. Mùjídàt wò ó títí. Kò ní ìyẹ́.

Nígbà náà ni wọ́n gún ìka Qonitah. Ṣúgà rẹ̀ kọjá ohun tí ẹ̀rọ lè kà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó lò ní ọsibítù ńlá. Ó yè. Dókítà béèrè bóyá Bàṣírù náà ń mu omi púpọ̀ kí ó tó kú. Ìgè fi orí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Wọn kò rí ẹni tí yóò fi òmíràn sápá Sikirat. Mùjídàt ní òun yóò máa jí i lóru. Ó jí i fún òru méjìlá. Ní òru kẹtàlá, oorun gbé Mùjídàt lọ; Sikirat kò jí mọ́.

Folúkẹ́ gbé omi wá síbi tí wọ́n ti ń wẹ òkú.

"Ṣé ẹ rí i? Ẹyẹ kú, ẹlẹ́yẹ tẹ̀ lé e."

Mùjídàt gbé apá òkú náà sókè. Ọgbẹ́ rẹ̀ kò tíì jinná.

"Sún mọ́bí, Folúkẹ́. Ibi tí mo ti pa á nìyí."

Ó gba omi lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wẹ̀ ẹ́ lọ.