Ọjọ́ Tí Mo Di Àlejò Létí Òkun Wa

Bàbá mi pa mọ́tò níwájú géètì ńlá kan, wọ́n ní a ti dé. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Níbi tí ọ̀nà ilé ìyá àgbà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì alájà mẹ́rin ló dúró síbẹ̀, ó ń wò wá bí àna tí a kò kí.

Bàbá mi bi ọlọ́dẹ ẹnu géètì pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ibo la máa gbà dé ilé ìyá mi?"

Ọlọ́dẹ ṣí ìwé rẹ̀. "Nọ́ńbà yàrá wọn ńkọ́, sà?"

"Ìyá mi kì í gbé yàrá onínọ́ńbà. Ilé tí wọ́n bí mi sí ni wọ́n wà."

"Ilé yẹn ò sí nínú ìwé mi, sà."

Ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ òtẹ́ẹ̀lì la ti wá rí ilé náà, tí aṣọ ibùsùn ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lókè òrùlé rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí mo kúrò níbẹ̀. Mo ti di mẹ́rìndínlógún báyìí. Ìyá àgbà ò sí nílé. Bàbá mi sùn lọ sórí bẹ́ǹṣì, èmi sì gba etí òkun lọ.

Tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ apẹja ló máa ń tò síbẹ̀. Ní báyìí, agbòjò ló ṣí lọ bẹẹrẹ, bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀, àwọn àlejò sì nà gbalaja sábẹ́ wọn bí ẹja tí wọ́n sá. Ọkọ̀ kan ṣoṣo tó kù, òdòdó ni wọ́n gbìn sínú rẹ̀. Inú bí mi. Àmọ́ nígbà tí mo rí ibi tí wọ́n ti ń ta áísìkiriìmù, inú mi rọ̀ díẹ̀.

Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta kan wà níbẹ̀ tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Èyí tó wọ gíláàsì dúdú bi mí pé, "Òtẹ́ẹ̀lì yìí nìwọ náà dé sí?"

Mo rántí ilé tó wà lábẹ́ aṣọ sísá. "Àjà kẹta," ni mo fèsì.

"Ó yá, bá wa lọ. Màmá kan fẹ́ mú wa rìn yíká etí òkun. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ wọn máa ń pani lẹ́rìn-ín."

Màmá náà dé tàwọn ti àkẹtẹ̀ gbàràgàdà lórí àti fèrè lọ́rùn. Ìyá àgbà mi ni. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Wọ́n ti ń na ọwọ́ bọ̀ kí n tó yíjú sí òkun bí ẹni tó ń ka ìgbì.

Wọ́n ká ọwọ́ wọn padà. "Ẹ káàbọ̀, àlejò wa. Ṣé yàrá tẹ́ yín lọ́rùn?"

Ìyá àgbà mi ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀. Ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu. "Ó tẹ́ mi lọ́rùn, mà."

A tẹ̀lé wọn títí wọ́n fi dúró ti òkúta pẹlẹbẹ kan. "Ọmọ ọmọ mi kan jókòó síbí nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méje," ni wọ́n wí. "Kò mọ̀ pé akàn ti gba àyè ṣáájú òun. Akàn ò bá a jà púpọ̀, ó kàn gé e nídìí, kò sì fi í sílẹ̀. Ọmọ gba etí òkun lọ bí ọta ìbọn, akàn ń mì dirodiro lẹ́yìn rẹ̀. Apẹja mẹ́rin ló lé wọn."

"Ṣé wọ́n mú un, mà?"

"Wọ́n mú akàn. Ọmọ ṣì ń sáré."

Àwọn ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí. "Ibo ni ọmọ náà wà báyìí?"

Ìyá àgbà ṣí àkẹtẹ̀, wọ́n nu inú rẹ̀. Ohùn wọn lọ sílẹ̀. "Ìlú ńlá ló ń gbé. Mo ti ń retí rẹ̀ láti àárọ̀. Mi ò tíì rí i."

Omi lé sí mi lójú. "Èmi ni," ni mo wí.

"Ìwọ kí ni?" ni onígíláàsì bi mí.

"Èmi ni akàn gé nídìí. Mi ò sí ní àjà kẹta. Ìyá àgbà mi nìyí."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín mú kí àwọn tó sùn sábẹ́ agbòjò dìde jókòó. Onígíláàsì ní òun kì í bá òpùrọ́ rìn, ó sì padà. Mi ò rí i bá wí. Àwọn méjì yòókù dúró, ṣùgbọ́n "Ìyàwó Akàn" ni wọ́n ń pè mí títí ìrìn fi parí.

Lẹ́yìn náà ni mo kúnlẹ̀ bẹ ìyá àgbà. Wọ́n fà mí dìde, wọ́n gbé àkẹtẹ̀ wọn lé mi lórí. Mo bi wọ́n bóyá bí ibẹ̀ ṣe dà kò dùn wọ́n.

"Ó ń dùn mí tí mo bá wá ẹja tí mi ò rí," ni wọ́n wí. "Tí iná bá tàn, tí dókítà sì wà nítòsí, inú mi á tún dùn. Èmi àti àwọn àlejò ti mọwọ́ ara wa. Ẹ̀jẹ̀ mi tó sọ ara rẹ̀ di àlejò ni mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ gbà."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ibi tí a ti wá lè yí padà débi pé a ò ní mọ ọ̀nà ilé mọ́, kò sì burú tí a bá kùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá torí ìtìjú sẹ́ àwọn èèyàn rẹ̀, òun gan-an ló sọ ara rẹ̀ nù. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ló máa gbẹ.