Ka Oókan Títí Dé Eéje

Aago ọwọ́ ọmọbìnrin náà ni ọkùnrin tó ń kọ́ni níwájú kíláàsì kọ́kọ́ rí. Ọmọbìnrin náà jókòó sórí àga ẹ̀yìn pátápátá, ó tẹjú mọ́ aago bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni yẹn, bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá ń fi iṣẹ́ tíṣà dánra wò, akẹgbẹ́ rẹ̀ kan á jókòó sẹ́yìn láti máa wò ó. Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, ọmọbìnrin náà na ìwé sí i.

"Ìbéèrè mọ́kànlélógún lo bi àwọn ọmọ. Ìwọ fúnra rẹ lo dáhùn ogún."

"Ọ̀kan tó kù ńkọ́?"

"Agogo ló lù, kò jẹ́ kó o ráyè."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ẹnikẹ́ni ò tíì ka àléébù rẹ̀ fún un pẹ̀lú sùúrù báyẹn rí.

"Bó o bá béèrè, Tíṣà Adáralóhùn, ka oókan títí dé eéje kó o tó lanu. Inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn lọmọ ti ń ronú."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sẹ́yìn kíláàsì ara wọn, ìfẹ́ sì wọlé wẹ́rẹ́. Àmọ́ bàbá ọmọbìnrin náà, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ti ní òun ò ní fọmọ fún tíṣà tó ń bi ọmọdé léèrè ohun tó yẹ kí tíṣà náà fúnra rẹ̀ mọ̀. Ẹ̀rù ba ọkùnrin wa. Lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìkàwé, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: "Ṣé wàá fẹ́ mi? Bàbá yín ò ní gbà, mo mọ̀. Kò burú."

"O tún ti dáhùn," ni ọmọbìnrin náà wí, ó sì gbé báàgì rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kò bá a sọ̀rọ̀.

Ọkùnrin náà gbéra, ó lọ sí pálọ̀ bàbá ọmọbìnrin náà, ó sì bá àwọn méjèèjì níbẹ̀.

"Kí lo wá ṣe?" ni bàbá bi í.

"Ìbéèrè ni mo mú wá fún ọmọ yín, sà." Ó yíjú sí ọmọbìnrin náà. "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ó pa ẹnu dé. Ó ka eéje, ó kọjá a. Ó dé oókànlá.

Bàbá sún lórí àga. "Èwo ni ká dákẹ́ báyìí? Ọmọ mi, sọ fún un pé—"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Mo ń ronú."

Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá fi kọ́ni, kò sì tíì wo ojú ẹni tó ń ronú pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó rí i pé inú ọmọ òun dùn. Òun náà dákẹ́.

Ọmọbìnrin náà bọ́ aago, ó gbé e sórí tábìlì. "Mo máa fẹ́ ọ."

Bàbá wúkọ́. "Ìgbà wo?" ló bi wọ́n, ó sì dúró kó gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ.